Ọkọ̀ òkun ẹ̀gbọ́n mi máa yà ní Kútọnu: ṣé ká bá wọn ṣètò ìjáde fúnra wa, àbí kí wọ́n gba ti inú ọkọ̀?

Ìyá Àgbọn Àjàrá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ yìí, mi ò sì rí ẹni bi ní àdúgbò mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Maryland àti ọkọ rẹ̀ ti sanwó ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun kan. Cape Town ló ti máa gbéra, á máa bá etí òkun Áfíríkà bọ̀ títí á fi dé Yúróòpù. Ó máa yà ní São Tomé, ó máa yà ní Kútọnu, lẹ́yìn náà Lómé àti Tema. Ní Kútọnu, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló máa gúnlẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa ṣí. Kò ní sùn níbẹ̀.

Wọ́n ní inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ta ìjáde fún èrò, ìyẹn ìrìn àfẹ́ láti wo ìlú tí ọkọ̀ bá yà sí. Àlọ àti àbọ̀ Wídà, ìlú tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun láyé àtijọ́, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, dọ́là 189 lórí ẹnì kan. Ganvié, ìlú orí omi yẹn, nìkan, 139. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀: ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀ (ọmọ Amẹ́ríkà ni, orúnkún rẹ̀ kan ń yọ ọ́ lẹ́nu), àti tọkọtaya kan tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi ro owó yẹn pọ̀. Èmi tí mo ń gbé òróró àgbọn lọ tà ní Kútọnu, mo mọ iye tí wọ́n ń háyà mọ́tò fún odindi ọjọ́ níbẹ̀. Owó ẹnì kan nínú mẹ́rin yẹn á gbé gbogbo wọn, wọ́n á tún fi èyí tó kù jẹun.

Mo ti sọ fún un pé kó má san kọ́bọ̀, èmi á wá mọ́tò àti dírẹ́bà tó gbọ́ Ègùn. Ọkọ rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn pé ẹni tó bá dá lọ, tí kò tètè dé, ọkọ̀ ò ní dúró dè é.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù nìyí: Màmá wa wà lọ́dọ̀ mi níbí, ní Àjàrá ní Àgbádárìgì, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká gbé òun láti Kútọnu gba ẹnubodè Sèmè wọlé, kó fojú kan Màmá, kó fi ilé ẹrú han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ká sì dá wọn padà kí ọkọ̀ tó ṣí. Kútọnu sí ọ̀dọ̀ wa ò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ ni kó dá mi lóhùn o.

Má-fi-mí-ṣeré

Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n san dọ́là wọn. Ẹni tó rówó wọkọ̀ láti Cape Town dé Yúróòpù, 189 kọ́ ló máa sọ ọ́ di tálákà.

Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní São Tomé yẹn gan-an ní oṣù kẹta ọdún 2024? Èrò mẹ́jọ ló bá onímọ́tò ìta jáde, wọn ò bá ti ọkọ̀ lọ. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ọkọ̀ ṣì wà lójú omi, wọ́n ń wò ó báyìí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn sún mọ́ ọn, ọ̀gá ọkọ̀ ní òun ò gbé wọn mọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàlúù láti ìlú kan dé èkejì, wọ́n ń lé ọkọ̀. Wọ́n dé Gáńbíà, wọ́n rò pé wọ́n ti bá a, omi ti fà, ọkọ̀ ò lè gúnlẹ̀ níbẹ̀. Títí ni wọ́n fi gba orí ilẹ̀ dé Sẹ̀nẹ̀gà kí wọ́n tó wọlé padà. Àwọn àgbàlagbà wà nínú wọn o.

Ẹ wá ní kí wọ́n gba Sèmè. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbọn Àjàrá

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ já mi láyà lásán ni, ẹ ò sọ ohun tí n máa ṣe.

Afinimọ̀nà Mẹ́rínà

Ìyá Àgbọn, ẹ kú ọjà o. Ẹ má jáyà. Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí.

Mẹ́rínà ní Àgbádárìgì níbí ni mo ti ń mú àlejò káàkiri, láti ọjà ẹrú Vlekete dé ilé Sẹ̀rìkí Abass tó ní yàrá 40 tí wọ́n ń há ẹrú mọ́, títí dé òdìkejì ọ̀sà ní Gberefu. Àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n bá ti rí tiwa tán, wọ́n á ní ó ku ti Wídà, èmi náà ni mo sì ń bá wọn kọjá. Mo gbọ́ Ègùn, mo gbọ́ Faransé mọ níwọ̀n, nítorí náà àwọn oníléeṣẹ́ ìrìnàjò ní Kútọnu máa ń ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀, tí amọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò bá tó wọn. Mo ti bá ti ọkọ̀ ṣiṣẹ́, mo sì ti bá ẹni tó dá wá ṣiṣẹ́.

Ọkọ̀ òkun ò ní bọ́ọ̀sì kankan ní Kútọnu. Iléeṣẹ́ kan nílùú ló ń bá ṣe é. Iléeṣẹ́ yẹn á háyà bọ́ọ̀sì, á pe àwa amọ̀nà, á sọ iye tó fẹ́ gbà, ọkọ̀ á sì fi èrè tirẹ̀ lé e kó tó tà á fún ẹ̀gbọ́n yín. Amọ̀nà tó kó èèyàn 40 lọ sí Wídà lónìí, òun náà lẹ lè háyà lọ́la, ìtàn kan náà ló sì máa sọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìwé tí ọkọ̀ fi ń ta ìjáde á rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníṣẹ́ àdáni ni iléeṣẹ́ tó ń gbé wọn lọ, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà kò sí lọ́rùn ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èrò ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń sanwó lé? Àkókò ni. Bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹnì kan wà létí èbúté tó mú orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ dání, tó sì ní nọ́ńbà amọ̀nà. Bí táyà bá bẹ́ ní Godomey lójú ọ̀nà Wídà, mo pè, wọ́n sọ fún ọ̀gá ọkọ̀, ọkọ̀ dúró. Bí kò bá lè dúró mọ́, wọ́n á wá bí wọ́n ṣe máa gbé èrò náà dé ibi tó kàn lówó ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá dá gbé wọn lọ, kò sẹ́ni tó ń retí yín. Èkejì ni pé bí ọkọ̀ ò bá yà ní Kútọnu mọ́ nítorí ìjì tàbí ohunkóhun, wọ́n á dá owó ìjáde padà. Ẹ̀yin àti dírẹ́bà yín lẹ jọ máa sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ má san gbogbo owó fún un sílẹ̀. Àdéhùn tí èmi máa ń ṣe ni pé bí ọkọ̀ ò bá gúnlẹ̀, owó epo àti owó oúnjẹ òòjọ́ nìkan ni mo máa gbà.

Ohun tí wọ́n ń pàdánù nínú bọ́ọ̀sì náà wà o. Ẹ gbà mí gbọ́, èèyàn 40 ò ṣeé yára kó. Kí gbogbo wọn tó sọ̀kalẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ tọ̀ tó tọ̀, kí ẹni tó ń ya fọ́tò tó yà á tán, aago ti lọ. Ní ilé erè (ejò ńlá) ní Wídà, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì yẹn, ìlà ni wọ́n máa tò kí wọ́n tó gbé erè sọ́rùn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ sétí òkun, tó tó kìlómítà mẹ́rin, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa jókòó sí gbà á kọjá, fèrèsé á wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Níbi Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀, ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun fún ìrántí àwọn ẹrú, ogún ìṣẹ́jú, mo ti pàtẹ́wọ́ pé ó tó. Lẹ́yìn náà a máa yà ní ilé ìtajà ère kan. Mi ò ní sọ ìdí tí ilé ìtajà fi máa ń wà nínú gbogbo ìjáde, ẹ̀yin náà ọlọ́jà ni yín.

Ẹni tó bá mọ́tò tirẹ̀ lọ lè sọ̀kalẹ̀ níbi tí igi ìgbàgbé wà láyé ẹrú, tí wọ́n ní kí ẹrú ọkùnrin yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, kí ẹrú obìnrin yí ká lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ó lè rìn díẹ̀ nínú iyanrìn yẹn fúnra rẹ̀. Ó lè jókòó. Mo ti mú ìyá aláwọ̀dúdú kan láti Brazil lọ, kò sọ nǹkan kan fún bíi wákàtí kan, mo sì fi í sílẹ̀. Kò sí ìjáde ọkọ̀ kankan tó lè fún un láyè yẹn.

Nítorí náà èrò tèmi: Wídà, ẹ ṣe é fúnra yín. Kì í ṣe pé mo ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa dá lọ. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Kútọnu, tó fẹ́ bá ẹni tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàdé létí géètì, kó lọ san owó ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ní yín, ẹ̀yin sì ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ibi tó jìnnà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Wídà tó kìlómítà 40 sí Kútọnu lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ gbéra kété tí wọ́n bá ti jáde, ẹ gba ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches lọ bó bá ṣeé gbà lọ́jọ́ náà, kí ẹ lè yẹ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Godomey àárọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, kí gbogbo ohun tó kù máa sún mọ́ èbúté díẹ̀díẹ̀. Ganvié ni wọ́n lè yà wò lójú àbọ̀, torí Abomey-Calavi ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Bí àkókò bá ti lọ, ẹ fò ó. Láago mẹ́ta, ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ ti wà nínú Kútọnu. Bí ó bá ku àyè, ẹ mú wọn lọ síwájú ère Amásónì, obìnrin jagunjagun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022 yẹn. Ó ga tó mítà 30, kò sì jìnnà sí èbúté rárá. Wọ́n á ya fọ́tò wọn, ọkàn ọkọ ẹ̀gbọ́n yín á sì balẹ̀.

Abomey ńkọ́, bí ẹnikẹ́ni bá dábàá ẹ̀? Ààfin àwọn ọba Dahomey dára, ṣùgbọ́n kìlómítà 140 ni lọ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ kó bá ọkọ̀ lọ, tàbí kó má lọ.

Ó wá ku ti Àgbádárìgì. Ọmọ ibí ni mí, owó mi ló wà níbẹ̀, ó wù mí kí gbogbo ọkọ̀ òkun ayé máa kó èèyàn wá bá mi. Ẹ má ṣe é. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yín àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń lo pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, wọ́n nílò físà Nàìjíríà. Wọ́n á jáde ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n á wọ Nàìjíríà, wọ́n á tún jáde ní Nàìjíríà, wọ́n á tún wọ Bẹ̀nẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹnì kan máa gba ìwé lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì tún nílò físà Bẹ̀nẹ̀ tó máa gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kìlómítà 50 tí ẹ sọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kìlómítà kọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà Sèmè. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ọjọ́ kan wà tí ẹ máa kọjá bí ẹni ń wọ yàrá, ọjọ́ kan wà tí ẹ máa bá oòrùn wọ̀ síbẹ̀. Kí ni ẹ máa sọ fún ọkọ̀ tó ń fọn fèrè?

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ gbé Màmá lọ bá wọn. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà Bẹ̀nẹ̀, ìwé ìrìnnà ECOWAS tàbí pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) ti tó. Ẹ ò ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Kútọnu ni? Kò sí ará Àgbádárìgì tí kò ní.

Dírẹ́bà Sèmè

Ọ̀gá Mẹ́rínà ti sọ gbogbo ẹ̀. Mò ń na ọ̀nà yẹn, mi ò lè fi mọ́tò mi ṣe èyí tí ìyá yìí ń béèrè láéláé, iye yòówù kí wọ́n san. Àlọ, bẹ́ẹ̀ ni. Àlọ àti àbọ̀ lójú ọjọ́ kan pẹ̀lú òyìnbó mẹ́ta nínú mọ́tò, ó tì o.

Ti Màmá: ẹ má gbé wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ tó ṣáájú ni, kí wọ́n sùn lọ́hùn-ún, kí ara wọn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó níwájú. Ẹ mú omi dání.

Nọ́ọ̀sì Ìpàkòdó

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ìlú ọba ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ òkun sì ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fi ń najú báyìí. Mi ò dé Kútọnu pẹ̀lú ọkọ̀ rí, nítorí náà mi ò ní bá Afinimọ̀nà jiyàn lórí ìyẹn. Ti Yúróòpù ni mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbọn sì ń lọ síbẹ̀ náà.

Kì í ṣe pé kéèyàn yan ọ̀nà kan kó sì máa fi ṣe gbogbo ìlú. Mo máa ń wo bí èbúté ṣe jìnnà sí ibi tí mo fẹ́ lọ. Nápólì, ẹ̀gbẹ́ ìlú gan-an lọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, mo ń fẹsẹ̀ rìn jáde ni, mo sì wọ rélùwéè Circumvesuviana lọ wo Pompeii, ìlú àtijọ́ yẹn, fúnra mi. Kí ni mo fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ọkọ̀ ṣe níbẹ̀? Róòmù ńkọ́? Róòmù ò sí létí òkun. Civitavecchia lọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ tó kìlómítà 80 sí Róòmù, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Ítálì sì fẹ́ràn ìyanṣẹ́lódì púpọ̀. Níbẹ̀, ohun kan wà láàárín méjèèjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà níbí: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì nìkan. Wọ́n á gbé ẹ dé àárín Róòmù, wọ́n á sọ aago tí wọ́n máa gbéra, wọ́n á fi ẹ́ sílẹ̀. Kò sí amọ̀nà, kò sí oúnjẹ, owó rẹ̀ ò sì tó ti ìjáde ńlá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ọkọ̀ ni, ọkọ̀ á dúró dè é. Kí ẹ̀gbọ́n yín bèèrè bóyá wọ́n ní irú ẹ̀ níbi tó bá jìnnà sétí òkun.

Ibi tí ọkọ̀ ò lè fara ti ilẹ̀, bíi erékùṣù Santorini ní Gíríìsì, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò lọ sétí omi. Àwọn tó ra ìjáde lọ́wọ́ ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó. Ẹni tó ti bá onímọ́tò ìta ṣàdéhùn aago mẹ́sàn-án á wà lókè níbẹ̀, á máa wo ilẹ̀ lókèèrè, onímọ́tò á sì máa pè é. São Tomé tí Má-fi-mí-ṣeré ń sọ náà rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ò dé ilẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́jọ yẹn le tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ kí wọ́n bá ọkọ̀ jáde. Kútọnu ní èbúté gidi, wọ́n á rìn sọ̀kalẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ aago, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lónìí. Kútọnu àti Nàìjíríà, aago kan náà ni. Lómé, aago Gánà ni wọ́n ń lò, ó fi wákàtí kan dín sí tiwa. Ọkọ̀ lè má yí aago tirẹ̀ padà láàárín ìlú méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń lo aago Kútọnu ní Lómé, tó ní kí gbogbo èrò ti wọlé láago márùn-ún, aago mẹ́rin ló máa hàn lójú fóònù ẹni tó wà nígboro, torí fóònù máa ń yí fúnra rẹ̀. Ẹni náà á ṣì máa yan aṣọ lọ́jà. Kí ẹ̀gbọ́n yín wọ aago ọwọ́ lásán, kó fi sí aago ọkọ̀, kó má yí i. Kó sì mọ̀ pé aago tí ọkọ̀ ń ṣí kọ́ ni aago tí èrò gbọ́dọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá ní mẹ́fà ni ọkọ̀ ń ṣí, ó lè jẹ́ márùn-ún tàbí márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Inú ìwé tí wọ́n ń pín sí yàrá lálẹ́ ló máa wà.

Nípa físà Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n bi ọkọ̀ gan-an ní báyìí. Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń fàyè gba ẹni tó bá bá ìjáde tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ, láìsí físà, nígbà tí ẹni tó dá jáde nílò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Rọ́ṣíà ṣe ń ṣe ní St Petersburg nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ síbẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ń fúnni ní físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò le, ṣùgbọ́n kì í ṣe etí géètì ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ku orúnkún bàbá yẹn. Ìjáde ọkọ̀ máa ń ní àmì tó ń sọ bí ìrìn ibẹ̀ ṣe le tó, kí wọ́n wò ó, kódà bí wọn ò bá ní rà á. Mo ti fi ọwọ́ mi di orúnkún ẹni tó rò pé òun lè rin gbogbo Pompeii lórí òkúta yẹn.

Ìyá Àgbọn Àjàrá

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ọ̀gá Mẹ́rínà, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná títí dátà fi tán. Ó kọ́kọ́ bínú sí ọ̀rọ̀ Sèmè, ó ní ilé òun ni òun fẹ́ wá, kì í ṣe ilé ẹlòmíì. Nígbà tó yá ó gbà.

Ibi tí a fẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tì nìyí. Tọkọtaya ọ̀rẹ́ wọn ní àwọn á san owó Ganvié lọ́wọ́ ọkọ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ á bá mọ́tò wa lọ sí Wídà ní àárọ̀. Àbúrò bàbá wa kan ní ilé ní Akpakpa, ibẹ̀ ni a máa gbé Màmá lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Tí wọ́n bá ti Wídà dé, ọ̀dọ̀ Màmá ló kàn. Mo ti ń ronú oúnjẹ: Màmá ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni se àjọgún fún ọmọ àwọn lẹ́yìn àwọn, kí n gbé ìkòkò àwọn dání. Ìkòkò o, gba Sèmè kọjá.

Ìbéèrè mi tó kù: níbo ni mọ́tò máa dúró dè wọ́n sí? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọlé? Ṣé Akpakpa ò jìnnà jù? Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tún ní ṣé kí òun fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Má-fi-mí-ṣeré

Ẹ bá mi bu nínú ohun tí Màmá bá sè. Ọ̀rọ̀ mi le, ṣùgbọ́n ire ni mò ń wá.

Dírẹ́bà Sèmè

Ìkòkò ò ní wàhálà. Òróró àgbọn gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni kí ẹ má dì mọ́ ọn.

Afinimọ̀nà Mẹ́rínà

Èyí dáa. Èyí dáa gan-an.

Mọ́tò ìta ò ní wọ ọgbà èbúté, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín. Àwọn èrò á rìn tàbí kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kékeré dé ẹnu géètì. Àwọn onímọ́tò àti ọlọ́kadà á ti kún ibẹ̀, gbogbo wọn á máa pariwo Wídà, Wídà. Kí dírẹ́bà yín kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sórí páálí, kí ẹ sì ti fi fọ́tò dírẹ́bà àti nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sí i ṣáájú. Kí wọ́n má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó kàn sọ pé Ìyá Àgbọn ló rán òun. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ̀yin fúnra yín ẹ wà níbẹ̀.

Akpakpa ò jìnnà, ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀sà ni, afárá sì wà láàárín yín àti ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni afárá Kútọnu máa ń dì. Kí Wídà parí láago mọ́kànlá ààbọ̀, ọ̀sán gangan ni kí wọ́n ti máa bọ̀, kí wọ́n lè bá Màmá jókòó pẹ́. Wọ́n ti gbọ́dọ̀ rékọjá afárá padà kí ó tó di aago mẹ́rin. Ẹ ó sunkún níbẹ̀, mo mọ̀, ẹ fi sínú ìṣirò.

Pásípọ́ọ̀tù: kí wọ́n ṣe ohun tí ọkọ̀ bá ní kí wọ́n ṣe fún Kútọnu, ṣùgbọ́n kí àwòrán ojú ìwé rẹ̀ àti ti físà wà lórí fóònù wọn àti lórí tiyín. Káàdì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọlé, kí wọ́n má fi sílẹ̀ sínú mọ́tò bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀. Oògùn ọjọ́ méjì nínú báàgì, àti káàdì báńkì kan.

Ọkọ̀ máa ń ní aṣojú ní gbogbo èbúté. Nọ́ńbà tirẹ̀ máa ń wà nínú ìwé tí Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ń pín sí yàrá lálẹ́ yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n yín ya ojú ìwé náà ní fọ́tò ní alẹ́ tó ṣáájú Kútọnu, kó fi ránṣẹ́ sí yín àti sí dírẹ́bà kó tó sùn, torí netiwọ́ọ̀kì lè má dára láàárọ̀.